Àparò Kan Ò Ga Jùkan Lọ?

Lọ́jọ́ kan ní Òṣogbo, a tò sídìí ATM. Ọkùnrin kan ń tiro bọ̀. A ní kó bọ́ síwájú. Ó gbowó tán, ló bá sáré lé ọkọ̀ Iléṣà!

Kò pẹ́, ìyá kan dé, ó fi ọ̀pá méjì há abíyá. Èmi gan-an ni mo pariwo: "Màámi, ẹ tò o! Àparò kan ò ga jùkan lọ!" Wọ́n dákẹ́, wọ́n tò. Nígbà tó fi máa kàn wọ́n, apá wọn ti ń gbọ̀n.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù lọ́dún 2019 ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá àwọn àkàndá ẹ̀dá lóhùn lórí ìlà. Èké ọkùnrin yẹn ba òfin jẹ́. Èmi náà bà á jẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí èké rẹ́ mi jẹ ju kí n tún fìyà rẹ̀ jẹ olóòótọ́.