Ààrẹ tó wà lórí àlééfà àti ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ní Nàìjíríà, kì í rọrùn láti fi ìbò yọ ààrẹ tó wà lórí àlééfà. Shehu Shagari wọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1983, kí àwọn ológun tó gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 2003, Muhammadu Buhari náà lọ́dún 2019. Goodluck Jonathan nìkan ni ìbò gbé ṣubú, lọ́dún 2015.

Àwọn gómìnà ẹgbẹ́ ààrẹ tó wà lórí àlééfà, agbára ìjọba àti àìṣọ̀kan àwọn alátakò ló sábà máa ń tì í lẹ́yìn. Ti Jonathan yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò para pọ̀ di APC lọ́dún 2013, gómìnà márùn-ún láti PDP, ẹgbẹ́ Jonathan, sì bá wọn lọ. Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Boko Haram jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok, ọkàn àwọn aráàlú kò sì balẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Buhari, olùdíje APC, ní 15,424,921, Jonathan ní 12,853,162. Kí àjọ elétò ìdìbò tó kéde ẹni tó wọlé ni Jonathan ti tẹ Buhari láago, tó kí i kú oríire.

Ìbò tó pọ̀ jù nìkan kọ́ ni òfin ń béèrè. Olùdíje tún gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Nítorí náà, ìbò agbègbè kan ṣoṣo kò lè dá ààrẹ padà sípò.