Elizaveta Tuktamysheva lórí Yìnyín

Elizaveta Tuktamysheva, ẹni tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Liza, wà lára àwọn ọmọbìnrin Rọ́ṣíà tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù lọ nínú ijó orí yìnyín láti ọdún 2011 wá. Ìlú Glazov ní ẹkùn Udmurtia ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1996. Ó gba wúrà àgbáyé, ó gba wúrà Yúróòpù, ó sì ti ṣe ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Síbẹ̀, Olímpíìkì àwọn àgbà mẹ́ta ló ṣojú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹsẹ̀ kan yìnyín ibẹ̀. Àbùkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka èyí sí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré yìí ní Rọ́ṣíà kò ní yára sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí Tuktamysheva ṣe ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ju wúrà Olímpíìkì lọ: ó pẹ́ nídìí eré náà.

Svetlana Veretennikova ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Glazov nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ Alexei Mishin ní St. Petersburg. Mishin kì í ṣe ẹni àná nínú iṣẹ́ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ti gba fàdákà àgbáyé ní 1969 nígbà tí òun àti Tamara Moskvina jọ ń jó ní méjì-méjì. Òun ló kọ́ Alexei Urmanov tó gba wúrà Olímpíìkì ní 1994, òun náà ló sì kọ́ Evgeni Plushenko tó gba tirẹ̀ ní 2006. Okùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ Mishin di olókìkí, bó ṣe ń kọ́ àwọn okùnrin ní fífò náà ló sì ṣe kọ́ ọmọbìnrin yìí. Ó ju 1,000 kìlómítà lọ láti Glazov dé St. Petersburg. Fún ọdún mélòó kan, ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀: á lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Mishin, á sì padà sílé. Ọdún 2011 ló tó wá fi St. Petersburg ṣe ibùgbé.

Ọdún yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ jáde. Ó gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Gangneung, ní Gúúsù Kòríà, níbi tí Adelina Sotnikova, ọmọ Rọ́ṣíà ẹgbẹ́ rẹ̀, ti gba wúrà. Kí ọdún tó parí, ó bọ́ sáàárín àwọn àgbà, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Grand Prix méjèèjì tó lọ, ọ̀kan ní Kánádà, èkejì ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà náà. Ní oṣù Kìíní 2012, ó gba wúrà Olímpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Innsbruck. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà ó di ọ̀gá ní Rọ́ṣíà, ó sì gba idẹ ní ìdíje Yúróòpù ní Zagreb ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọmọdébìnrin tí ìbàdí rẹ̀ kò tíì fẹ̀ a máa yí kíákíá lójú òfuurufú, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ láti gbé kúrò nílẹ̀. Nígbà tó bá ń dàgbà, ó ń ga, ó ń wúwo, àkókò tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun sì fò kò ní bá a mu mọ́. Ẹni tó fi ara ọmọ ọdún 14 kọ́ fífò, ara mìíràn ló máa fi fò ó ní ọdún 16, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àtúnkọ́ ni. Ipò 10 ni Tuktamysheva ṣe ní ìdíje àgbáyé 2013. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, nínú ìdíje Rọ́ṣíà tó wáyé ní Sochi, ipò 10 náà tún ni. Ènìyàn méjì péré ni Rọ́ṣíà lè mú lọ sí Olímpíìkì tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ìlú yẹn kan náà ní oṣù méjì sí i. Sotnikova àti Yulia Lipnitskaya ni wọ́n mú. Sotnikova gba wúrà; Lipnitskaya, ọmọ ọdún 15, sì wà nínú ikọ̀ tó gba wúrà ẹlẹ́gbẹ́-jẹgbẹ́.

Sáà tó tẹ̀ lé e ni kò sí ẹni tó retí irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2014, ó gba ipò kìíní nínú àṣekágbá Grand Prix ní Barcelona. Ní oṣù Kìíní 2015, ó gba wúrà Yúróòpù ní Stockholm. Láàárín méjèèjì yìí ni ìdíje Rọ́ṣíà wáyé, Elena Radionova sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹni tí ń fọ́ Yúróòpù túútúú wá pàdánù nílé ara rẹ̀, ó lè ya àlejò lẹ́nu, àmọ́ bí nǹkan ṣe rí ní Rọ́ṣíà nìyẹn: ó máa ń rọrùn láti borí ayé ju kí ènìyàn borí àwọn ará ilé lọ.

Ìdíje àgbáyé wá wáyé ní Shanghai ní oṣù Kẹta 2015. Fífò mẹ́fà ni wọ́n ń kà sí gbòógì nínú ijó orí yìnyín. Nínú márùn-ún, ẹ̀yìn ni oníjó ń kọ sí ibi tó ń lọ kó tó fò. Axel nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú fò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń fi balẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń gba ààbọ̀ ìyípo lé sí i. Axel mẹ́ta, ìyípo mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Oníjó á ti máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, á yí padà lójijì, á tẹ etí òde irin ẹsẹ̀ òsì mọ́ yìnyín, á sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè síwájú, á wá kó apá mọ́ àyà kí ara lè dì. Ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní pé tí gbogbo ìyípo náà á fi parí, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò sì gba gbogbo ara lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Máàkì 8.5 ni wọ́n ń fún un nígbà náà, kí wọ́n tó fi ti ẹwà rẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀. Axel méjì kò ju 3.3 lọ. Obìnrin márùn-ún péré ló ti fò ó yọ nínú ìdíje láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ṣáájú Tuktamysheva, Midori Ito ọmọ Jàpáánì ló sì kọ́kọ́ ṣe é. Nínú ìpele kúkúrú ní Shanghai, sí orin Bolero tí Ravel kọ, Tuktamysheva fò ó, ó balẹ̀ gbáàì. Máàkì 77.62 ni wọ́n fún un. Nígbà tí ìpele gígùn parí, 210.36 ni àpapọ̀ rẹ̀, ó sì gba wúrà. Láti ìgbà Irina Slutskaya ní 2005, obìnrin Rọ́ṣíà kankan kò tíì gbà á.

Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba tó máa pẹ́. Àmọ́ àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Eteri Tutberidze ní Moscow ń tọ́ àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń dé góńgó kí wọ́n tó pé ọdún 17. Evgenia Medvedeva gba wúrà àgbáyé ní 2016 àti 2017; Alina Zagitova gba ti Olímpíìkì ní 2018 ní ọmọ ọdún 15. Àwọn náà kì í pẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni Lipnitskaya nígbà tó kéde pé òun ti fi eré náà sílẹ̀, Zagitova sì dúró ní 17. Ẹni kan ń gorí àga, ẹlòmíràn ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tuktamysheva kò sí lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n mú lọ sí Olímpíìkì yẹn ní Pyeongchang.

Síbẹ̀, kò fi eré náà sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2018, ó gba ipò kìíní ní Kánádà, ó sì gba idẹ nínú àṣekágbá Grand Prix ní Vancouver. Nígbà ìpatẹ ijó lẹ́yìn ìdíje, níbi tí kò sí adájọ́, ó múra bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú, ó ń jó sí orin Toxic tí Britney Spears kọ, ó sì bọ́ ẹ̀wù òkè dànù láàárín eré. Àwọn kan bínú, àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́. Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni pé obìnrin tó ti bàlágà ló wà lórí yìnyín, nínú eré tí àwọn ọmọdé ti gbà. Kó tó di ìdíje Rọ́ṣíà, òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀, kò lè lọ, ìdíje àgbáyé 2019 sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹta 2021, ó padà sí Stockholm fún ìdíje àgbáyé, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó ti gba wúrà Yúróòpù níbẹ̀. Anna Shcherbakova gba wúrà, Alexandra Trusova gba idẹ. Ọmọ ọdún 16 ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń fo ìyípo mẹ́rin. Ipò 12 ni Trusova já sí nínú ìpele kúkúrú kó tó fi ìpele gígùn gòkè padà. Tuktamysheva ló wà láàárín wọn, ẹni ọdún 24, tí kò ní ìyípo mẹ́rin kankan, Axel mẹ́ta ló gbójú lé. Máàkì 220.46 ló fi gba fàdákà. Bí a bá ní kí a mú ìdíje kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó lọ, Stockholm yìí wúwo ju Shanghai lọ: ní 2015, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá díje; ní 2021, ó ti borí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Kò rí Olímpíìkì Beijing lọ ní 2022. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, àjọ ISU tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé lé àwọn oníjó Rọ́ṣíà kúrò nínú ìdíje rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹfà, àjọ yìí kan náà dìbò pé kí wọ́n máa gbé ọjọ́ orí tí ènìyàn fi lè bá àwọn àgbà díje sókè díẹ̀díẹ̀ láti 15 dé 17. Ó pẹ́ kí òfin yẹn tó dé. Nínú ìdíje Rọ́ṣíà ní Krasnoyarsk ní oṣù Kejìlá 2022, ipò kẹta ni Tuktamysheva ṣe lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 26, lẹ́yìn Sofia Akateva ọmọ ọdún 15 àti Kamila Valieva ọmọ ọdún 16. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó fi ìdíje sílẹ̀ kó lè sinmi.