Ọkọ̀ Wa Dúró Lójú Omi

Sakin ni ilé wa, ní ìlú Ṣábẹ̀. Odò Ouémé ń ṣàn kọjá nítòsí wa. Ó gùn tó 510 km. Ó ń lọ títí dé adágún Nokoué, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyá mi lọ nígbà ìsinmi, láti kí àbúrò ìyá mi ní Ganvié. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí ní Ganvié, láàrin omi. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà!

A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Calavi. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.

Lójijì, a gbọ́ "gbà!" Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ. Ọmọ kékeré kan ń sunkún. Ìyá mi di apá mi mú ṣinṣin.

Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má dìde."

Kí ni a kọlù? Ẹ̀ka igi ni. Àwọn apẹja ti ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, kí ẹja lè máa gbé ibẹ̀. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka kan ti já, omi sì bò ó.

Ọlọ́kọ̀ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè. Mo rí abẹ̀bẹ̀ onírin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ yí i. Ó ń yí lásán.

Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́. Goupille ló kán."

Goupille jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìṣó. Òun ló so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Irin rẹ̀ kò le púpọ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kọlu igi, òun ni yóò kọ́kọ́ kán. Bí kò bá kán, àwọn irin eléyín inú ẹ́ńjìnnì lè fọ́. Owó ńlá sì ni ìyẹn!

Bàbá káfíńtà kan mú ìṣó jáde. "Ọmọ mi, fi èyí sí i."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ìyẹn le jù. Bí a bá tún kọlu igi, kò ní kán."

Ọlọ́kọ̀ ṣí agolo kékeré kan. Goupille tuntun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ó bá bọ́ sómi, ta ni yóò rí i?

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní abọ́ yín," ó sọ fún ìyá ẹlẹ́ja. Ó gbé abọ́ náà fún mi. "Gbé e sábẹ́ ọwọ́ mi."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo gbé e dáadáa. Ó tú ìdérí, ó fa abẹ̀bẹ̀ yọ. Ó gbá irin tó kán jáde. Ta! Ta! Ó bọ́ sínú abọ́. Ó ti goupille tuntun bọ ihò, ó dá abẹ̀bẹ̀ padà, ó sì de ìdérí.

Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Kò dáhùn. Ó tún fà á. Vuuu! Ọkọ̀ ń lọ! Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Iná ti ń tàn ní Ganvié nígbà tí a gúnlẹ̀. Ọlọ́kọ̀ fún mi ní irin tó kán náà. Ó ní òun yóò ra méjì lọ́la.