Eruku Naivasha ò mọ ọ̀gá! Ìdíje mọ́tò padà sí Kẹ́ńyà lẹ́yìn ọdún 19, àmọ́ àlejò ló ń gbé ife lọ

Bí èèyàn bá gbéra ní Nairobi, olú-ìlú Kẹ́ńyà, tó sì kọrí sí ọ̀nà Naivasha, kò ní í pẹ́ tí ilẹ̀ yóò fi dà gẹ̀rẹ́ níwájú ẹ̀, tí yóò máa wọ inú àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Rift Valley lọ. Ìrìn nǹkan bíi 90 kìlómítà ni. Adágún ńlá kan ló wà ní Naivasha. Inú omi yẹn ni erinmi ń gbé, etí ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbin òdòdó tí wọ́n ń fi bàálù kó lọ sí Yúróòpù. Téèyàn bá tún rìn síwájú díẹ̀, ní Olkaria, ooru gbígbóná ń rú jáde látinú ilẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe iná mànàmáná. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ọgbà ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní Hell's Gate, ìyẹn Ẹnubodè Ọ̀run Àpáàdì.

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lè rò pé àwàdà ni. Àmọ́ kí Thierry Neuville, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, tó dé ẹnubodè ọ̀hún rárá lójú ẹ̀ ti rí màbo.

Oṣù Kẹfà, ọdún 2021 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìdíje ráálì àgbáyé tọdún yẹn, orílẹ̀-èdè tí wọ́n yà sí kì í ṣe kékeré. Ìgbà 12 ni wọ́n figa-gbága. Monte Carlo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, wọ́n sáré lórí yìnyín ní Fínlándì, wọ́n gba Croatia, Portugal àti Sardinia kọjá, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló wá kan Kẹ́ńyà. Nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n dé. Láti ọdún 2002 tí wọ́n ti yọ Kẹ́ńyà kúrò nínú ìdíje náà, nítorí wàhálà owó àti ètò tí ò dán mọ́rán, wọn ò tún dá a padà. Ọdún 2020 ló yẹ kó padà, àrùn Kòrónà ló tún dá a dúró.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé èèyàn, nínú ráálì, mọ́tò kì í fẹ̀gbẹ́ kan mọ́tò sáré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, aago ni kálukú ń bá du ú. Èèyàn méjì ló ń wà nínú mọ́tò kan. Ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ka bí ọ̀nà ṣe rí sí i létí, pé kọ́nà ń bọ̀ lápá òsì, pé kòtò wà níwájú.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, ọjọ́ 24, Ààrẹ ìgbà náà, Uhuru Kenyatta, fi àsíá tú wọn sílẹ̀ ní Nairobi. Nígbà tó di Fúráìdeé tí wọ́n dé Kedong, nítòsí Naivasha, ni ojú wá là. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kúnná lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́. Bí táyà bá ti tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń rì, eruku á sì bo ojú gíláàsì pátápátá. Kalle Rovanperä, ọmọ ogún ọdún láti Fínlándì, kó sínú ẹ̀, mọ́tò ẹ̀ ò lè jáde mọ́. Elfyn Evans tí í ṣe ọmọ Wales ní tiẹ̀ ti lọ gbá òkúta. Sébastien Ogier, ọmọ Faransé tó jẹ́ baba wọn, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ bàjẹ́, ó sì pàdánù ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Neuville nìkan ló dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Ní Sátidé, wọ́n kọjá sí agbègbè Elmenteita, níbi tí òkè kan wà tó rí bí ọkùnrin tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó kọjú sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jagunjagun Tó Sùn. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú, Neuville ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ṣíwájú. Gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti parí.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ Sọ́ńdè, lẹ́bàá adágún Naivasha, ní Loldia, tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́tò ẹ̀ já. Bó ṣe tán nìyẹn! Ogier àti Takamoto Katsuta, ọmọ Jàpáànù, ló wá dù ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ogier ló gbà á, ìṣẹ́jú àáyá 21.8 péré ló fi ju Katsuta lọ. Lọ́dún yẹn náà ló gba ife àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ.

Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ayẹyẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dun àwọn ará Kẹ́ńyà. Ta ni ọmọ onílé tó gba ipò? Onkar Rai ló ṣe dáadáa jù nínú wọn. Ipò keje ló wà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí láyé àtijọ́. Ọdún 1953 ni wọ́n dá ìdíje yìí sílẹ̀, láti fi ṣayẹyẹ adé tí wọ́n fi lé Ọbabìnrin Elizabeth lórí. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika ni wọ́n jọ ń rìn ín já nígbà náà. Àkókò Àjíǹde ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí òjò lè sọ eruku di ẹrẹ̀ lójijì. Nínú gbogbo mọ́tò tó jáde ní 1963, méje péré ló parí ìrìn náà. Ní 1968, méje náà ló tún parí.

Àwọn àgbà ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ń ríran. Àwọn tó ń wá látòkè òkun fi ọdún 19 gbáko wá ife yẹn, wọn ò rí i gbà, àfi ìgbà tí Hannu Mikkola láti Fínlándì gbà á ní 1972. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló mọ odò tó ń kún àti kòtò tó ń tanni. Joginder Singh, mẹkáníìkì tí wọ́n bí ní Kericho, fi Volvo àlòkù gbà á ní 1965. Ó tún gbà á ní 1974 àti 1976, ni wọ́n bá ń pè é ní Kìnnìún Kẹ́ńyà. Shekhar Mehta gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, mẹ́rin nínú ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, láti 1979 dé 1982. Ian Duncan gbà á ní 1994. Látìgbà yẹn, nínú gbogbo ìgbà tí Kẹ́ńyà ti gba ìdíje àgbáyé yìí lálejò títí dé 2025, ọmọ Kẹ́ńyà kankan ò tún gbà á.

Kí ló yí padà? Owó ni. Mọ́tò tí ilé iṣẹ́ ńlá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni Ogier àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wà. Èyí tí Rai wà kéré sí i lágbára. Láti 2021 dé 2025, Toyota nìkan ló ń gba ipò kìíní ní Naivasha. Rovanperä tí Kedong gbé mì padà wá ní 2022, ó gbà á, ó tún gbà á ní 2024. Àlejò náà ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Phineas Kimathi, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ṣètò bí ìdíje náà ṣe padà sílé, ti wa ráálì rí. Ó bí ọmọkùnrin kan, ó sọ ọ́ ní McRae, orúkọ Colin McRae, ọmọ Scotland tó gba ife Safari lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà dàgbà, ó di awakọ̀ ráálì. Ní 2022, ó lọ bá wọn sáré lórí yìnyín ní Sweden. Orúkọ àlejò ló ń jẹ́, àmọ́ ọmọ onílé ni. Kò sí ohun tí àwọn ará Kẹ́ńyà ń retí ju ọjọ́ tí irú ẹ̀ á gbé ife yẹn padà wọ Nairobi lọ.