Alágbo Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá dé Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, nítòsí Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, etí yín kò ní sinmi. Níbẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo inú ìgò: ó ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, inú rírun, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àní ó ń lé àjẹ́! Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó yí i ká náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń wọ àpò.

Mo kí ìyá aláṣọ kan tó ra ìgò méjì. ‘Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹ gba gbogbo ohun tó wí yìí gbọ́ ni?’

‘Ọmọ mi, ta ni yóò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́? Bó bá wo ẹyọ kan nínú méje, mo jèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi. Oògùn ọsibítù ti wọ́n jù, mo ti pa á tì láti oṣù tó kọjá.’

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo yí ìgò náà wò, n kò rí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Mo bẹ ìyá pé kí a jọ lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́sàn-án náà. Ó ní kí òun tajà díẹ̀ ná. Mo bá jókòó tì í lórí àpótí títí ó fi palẹ̀ mọ́.