Ọmọ Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Jókòó

Bí a bá rí ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rákò, tí òun sì wà lórí ẹní síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, “Ẹ fi sùúrù sí i; ọmọ kò dọ́gba.” Òtítọ́ ni pé ọmọ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a sọ fún ìyá kan ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ohun tí ó ju ọdún 10 lọ sẹ́yìn, a sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Nítorí náà ni a ṣe kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ má baà ṣìnà níbi tí àwa ti ṣìnà.

Ọmọkùnrin ni ọmọ náà. Ó ti pé oṣù 10, kò sì lè jókòó. Ìyá rẹ̀ gbé e tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Ó ní ní ọjọ́ kẹta tí a bí i, ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, àwọn àgbà ilé sì ní kí a máa gbé e sí oòrùn. A bi í léèrè bí ọmọ bá ń mu ọmú. Ó ní ó ń mu. A gbàdúrà, a sì ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Nígbà tí a tún fi ojú kan ọmọ náà, ó ti lé ní ọdún 2. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le gan-gan bí igi, bí wọ́n bá sì ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ, a máa há a lọ́fun, yóò sì máa wú ikọ́.

Ìtìjú ni ó mú wa lọ kọ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe lónìí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a kọ́ wa bí a ti í kọ́ ọmọ ọdún 6 ní ìwé. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa bí a ti í kọ́ ọmọ oṣù 6. Àwọn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè Portage, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní ọdún 1969. Olùkọ́ a máa lọ sí ilé ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí kò ṣe láti kọ́ ìyá, kí ìyá sì máa kọ́ ọmọ ní gbogbo ọjọ́ tí ó kù.

Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé sùúrù ní ààlà. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tí ara wọn dá ní orílẹ̀-èdè 5, tí Gánà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Púpọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó dá jókòó láàárín nǹkan bí oṣù 4 sí oṣù 9, tí wọ́n sì dá rìn láàárín oṣù 8 sí oṣù 18. Ọmọ tí ó bá kọjá ààlà yìí, kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kí a má dúró.

A sì tún mọ̀ pé ibà pọ́njú ọmọ titun, bí ó bá pọ̀ jù, a máa ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Gbígbé ọmọ sí oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé kò tó. Láti ọdún 1958, tí àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ni a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ iná tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kàfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ pẹ̀lú léwu, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò gbà á, a sì máa mú kí ibà náà le sí i.

Bí a bá dé ilé kan nísinsìnyí, orí ẹní ni a ń jókòó. A ó ká ìró ìyá, a ó fi sí abẹ́ àyà ọmọ, kí ó lè máa gbé orí sókè. A ó mi ṣẹ́rẹ́ lẹ́yìn etí rẹ̀, láti mọ̀ bí yóò yíjú. A ó ní kí ìyá-ńlá máa ki í ní oríkì rẹ̀, kí ó sì dákẹ́ díẹ̀, kí ọmọ lè fèsì ní ọ̀nà tirẹ̀; nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni oríkì, kí a tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n rírọ ọmọ ní ẹ̀kọ ní ìdùbúlẹ̀, a ń kọ̀ ọ́ tagbára-tagbára, nítorí ẹ̀kọ lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí a gbé ọmọ jókòó, kí a fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ, kí a sì dúró títí yóò fi gbé e mì.

Ọdọ̀ ọmọkùnrin ìjọ́sí ni a kọ́kọ́ lọ. Káfíńtà kan kan àga alápá fún un, ó sì kọ́ láti jókòó nínú rẹ̀. Ó kọ́ láti jẹun láìhá a lọ́fun, ó sì ń fi ojú sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò rìn. Ní ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ bi wá pé, “Bàbá, bí a bá ti tètè bẹ̀rẹ̀, ṣé ọmọ yìí ì bá rìn?”

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a sì dáhùn pé, “A kò lè sọ pé ì bá rìn, Ìyá. Ohun tí ó bàjẹ́ ti bàjẹ́ kí ẹ tó gbé e tọ̀ wá wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá má le tó báyìí, ìyà oúnjẹ ì bá má sì jẹ ẹ́ fún ọdún kan àbọ̀. Àwa ni a dá yín dúró. Ẹ dárí jì wá.”

Ó ń tún ìró tí ó wà lẹ́yìn ọmọ náà ṣe. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má pẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, Bàbá. Ó máa ń wo ọ̀nà yín.”

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ó pẹ́ tọ̀ yín wá, ẹ má pè é ní abàmì, ẹ má sì dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ dìde, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.