Ohùn Bàbá Nínú Páálí: Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Lára Ẹ̀rọ Tó Fọ́ Lójú Ọ̀nà

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni, tó ń ti London bọ̀ wá bá wa, tó sì fọ́ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìpàdé. A fẹ́ sọ ọ́ tán lónìí, nítorí pé àwa ìgbìmọ̀ tí a ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ pín nínú ẹ̀bi rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, nígbà tí ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ tí Minna sì di olú-ìlú rẹ̀, àwọn bàbá wa ṣe ìpàdé ọdún ní àgbàlá ilé kan ní Maikunkele níbí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo wa mọ̀. Téèpù ńlá ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ méjì, tí ọ̀kan ń tú, tí èkejì ń ká a. Bàbá tó jẹ́ alága nígbà náà ló sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹni tó ni ín náà ti lọ, ṣùgbọ́n téèpù wà nínú àpótí irin lọ́dọ̀ Ìyá, opó Bàbá, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìgbàkígbà tí a bá lọ kí i, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí ohun tí yóò mú Bàbá yín sọ̀rọ̀?"

A wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Minna, a wá a dé Ìlọrin àti Èkó, a kò rí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ wa kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní òun lè rí i rà, ṣùgbọ́n iná wọn kò bá tiwa mu. Yàtọ̀ sí pé agbára rẹ̀ kéré sí tiwa, iná tiwọn ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń lù ní ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí ló sì jẹ́ pé bí iná bá ṣe ń lù ni wọ́n ṣe ń yí. Bí a bá lo ti Amẹ́ríkà níbí, ohùn Bàbá yóò máa fà, yóò sì wúwo ju tirẹ̀ lọ. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá tiwa mu. Nítorí náà, ní ọdún 2022, ọmọ wa mìíràn tó ń gbé ní London bá wa ra ọ̀kan tó ti gbó ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ fi orin sí i, ó gbé fóònù sí i létí, a gbọ́ ọ.

Ibi tí a ti ṣìṣe nìyí. A ní kó tètè fi ránṣẹ́. A tún ní, kí owó má baà pọ̀, kó kó o pọ̀ mọ́ ẹrù tí àwọn ará tó wà lọ́hùn-ún fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. A kò bi í léèrè bí yóò ṣe dì í. Ẹ̀rọ náà tó nǹkan bí ogún kílò. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó gbé e sínú páálí ńlá, ó fi ìkòkò, bàtà àti agolo mílíìkì dí àyè tó kù. Lójú tirẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì rọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe ẹ̀rọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́.

Ẹ má rò pé pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Maikunkele wa níbí ni ẹrù náà gbà wọlé o. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Àpápá. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé e gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà àti Mokwa, kó tó gba Bida wọ Minna. Ẹni tó bá rin ọ̀nà Bida sí Minna ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 mọ ohun tí ojú ẹrù rí.

Lọ́jọ́ tó dé, a gbé àga fún Ìyá. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Páálí kò ya, kò sì tutù, inú wa dùn. Àfìgbà tí a gbé ẹ̀rọ jáde tí a gbọ́ ohun kan tó ń yí gbiri nínú rẹ̀ bí ẹ̀kúrọ́ nínú akèrègbè. Ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe tú ìdí rẹ̀. Tíráńsífọ́mà, irin ńlá tó ń pín iná fún un, ti já kúrò ní ìjókòó rẹ̀, ó sì ti fọ́ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ téèpù ń jókòó lé ti tẹ̀. Orí tó ń ka téèpù ti yẹ̀. Ìyá wo ojú wa, ó ní, "Ṣé kò ní sọ̀rọ̀ lónìí ni?" A ní, "Ìyá, ó ku díẹ̀." Ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sílé.

Awakọ̀ ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀gá náà ló là wá lóye. Ó ní irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìṣó mẹ́rin péré ló dì í mú. Bí wọ́n bá ju páálí sílẹ̀, páálí dúró, ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú rẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra láti Àpápá dé Minna, ìṣó yóò já. Bùláńkẹ́ẹ̀tì rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìkòkò bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti di pẹlẹbẹ, kò lè gba ẹ̀rọ sílẹ̀ mọ́.

Ìyà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ ohùn àwọn baba wa. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin 43 sílẹ̀ ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Oje tí kòkòrò kan ń mú jáde ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta láti fi ṣe àwo orin ìgbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá sí ilẹ̀ wa. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó di àfọ́kù. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ohùn àlùfáà náà lónìí, torí pé àwọn kan mọ̀ pé ohun ẹlẹgẹ́ ni, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a kọ́, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá ṣeé tú kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ tú u, kí ẹ dì í lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, ẹ yọ pẹpẹ tó ń yí, ẹ yọ irin ìwọ̀n tó wà nídìí apá rẹ̀, ẹ so apá náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì dé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ nítorí omi àti eruku. Ẹ gbé e sínú páálí tó bá a mu, kí ẹ wá gbé páálí yẹn sínú èyí tó tóbi jù ú lọ. Fóòmù tó le, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ni kó wà láàárín àwọn méjèèjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, lókè àti nísàlẹ̀. Ìwé ìròyìn tí a rún kò tó, ó máa ń tẹ̀. Ẹ má fi ìkòkò tàbí agolo tì í. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ mì í. Bí ohunkóhun bá rìn nínú rẹ̀, ẹ tún un dì. Ẹ lè kọ "Ẹ rọra" sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ dì í bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò kà á.

Bí ọmọ wa ṣe di èkejì nìyẹn. Ó dá nìkan wá, a san owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí ìṣó kan tó yẹ̀ lára rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ló dé. Ìyá ti jáde láyé ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú.

A pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, a sì fi téèpù sí i. Bàbá sọ bí òun ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà tí òun sì sọ̀ ní Minna, àti bí ìdílé Gbagyi kan ní Maikunkele ṣe fún òun ní yàrá láìgba kọ́bọ̀. Ó ní kí a má gbàgbé oore náà láéláé. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ni òun dé. Lójijì, ohùn obìnrin kan dá sí i: "Òjò ni o, Bàbá! Ẹ ti gbàgbé ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín nínú téèpù. Ìyá ni, ohùn ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ní kí a dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dá a padà.

A ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, a sì fi wọ́n pamọ́ síbi mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní téèpù àwọn àgbà nílé, kó kàn sí akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà tí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì wà láyé. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a bá fagbára mú ní í nini lára. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Ìyá àti Bàbá, kó sì jẹ́ kí a tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀ láìdín kan. Àmín.